Thomas Davis àti orúnkún tó já lẹ́ẹ̀mẹta: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún àwọn èèyàn wa, kò sí agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń bi mí léèrè tó Thomas Davis. Ìbéèrè kan náà ni, ẹnu tó ń bi í ló ń yàtọ̀. Mo kó wọn jọ síbí kí ọ̀nà ọ̀fun mi lè sinmi.

Ta ni Thomas Davis?

Agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, linebacker sì ni ipò rẹ̀. Ọdún 1983 ni wọ́n bí i, Shellman, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Georgia, ló sì dàgbà sí. Yunifásítì Georgia ló ti gbá bọ́ọ̀lù kí Carolina Panthers, kíláàbù ìlú Charlotte ní North Carolina, tó mú un lọ́dún 2005. Òun ni ẹni kẹrìnlá tí àwọn kíláàbù mú lọ́dún náà nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ láti yunifásítì. Sáà mẹ́rìnlá ló fi wà níbẹ̀.

Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí ẹ ń béèrè nìyí: láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2009 sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, iṣan kan nínú orúnkún ọ̀tún rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mẹta. Orúnkún kan náà, iṣan kan náà. Ó sì padà sórí pápá. Ṣáájú rẹ̀, kò sí ẹni tí a mọ̀ nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tó ti irú ẹ̀ bọ̀ rí.

Bọ́ọ̀lù wo gan-an là ń sọ? Èmi ò mọ̀ ju ti Super Eagles lọ.

Bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin tí wọ́n fà ní orí méjèèjì ni, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, tí wọ́n sì ń jù. Ẹni mọ́kànlá sí ẹni mọ́kànlá. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti fi gbé e síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí wọ́n bá rí i ṣe, wọ́n tún ní mẹ́rin mìíràn. Bí wọn ò bá rí i ṣe, ó di ti ẹgbẹ́ kejì. NFL ni ìdíje tó ga jù, kíláàbù 32 ló wà níbẹ̀, Super Bowl sì ni àṣekágbá rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, bí o bá fi ara gbé ọmọ ọlọ́mọ lulẹ̀, rẹfirí á fọn fèrè. Níbí, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún gan-an nìyẹn.

Kí ni iṣẹ́ linebacker?

Ẹ wò ó báyìí. Àwọn géńdé tó tóbi jù nínú ẹgbẹ́ méjèèjì dojú kọ ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ nílẹ̀. Linebacker dúró ní ìṣísẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn àwọn tirẹ̀, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ tán. Bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ gbé e sáré ni àbí wọ́n fẹ́ jù ú. Bí wọ́n bá gbé e sáré, á já wọ àárín àwọn géńdé yẹn lọ gbé ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ jù ú, á yí padà sá sẹ́yìn, á máa lé ẹni tó yára jù ú lọ. Ìgbà míì á ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú kó tó rí i pé wọ́n tan òun ni. Ẹsẹ̀ yẹn náà ni á gún mọ́lẹ̀ láti fi yí gbogbo ara padà.

Ẹsẹ̀ tó gún mọ́lẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ń sọ. Davis lé ní kìlógíráàmù 100. Gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ sórí orúnkún kan ṣoṣo, nígbà tí ara ń lọ sí ìhà kan, tí ẹsẹ̀ ṣì dojú kọ ìhà kejì.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn máa ń fò dá. Kì í ṣe linebacker ni Davis nígbà tó wà ní yunifásítì. Safety ni, ìyẹn àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pátápátá, tí eré sísá jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Panthers ló fà á wá síwájú. Nítorí náà, eré ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọjà tó ń tà láàárín àwọn tó wúwo jù ú lọ, eré ẹsẹ̀ yẹn sì ni orúnkún fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni ACL tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ?

Lẹ́tà mẹ́ta tí àwọn dókítà fi ń pe iṣan kan ní àárín gbùngbùn orúnkún, èyí tó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun. Iṣan ńlá mẹ́rin ló di orúnkún mú: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kìíní, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, méjì ní àárín tí wọ́n gba orí ara wọn kọjá bí igi àgbélébùú. ACL ni ti iwájú nínú méjì àárín yẹn. Òun ni kì í jẹ́ kí ojúgun yọ síwájú, òun náà ni kì í jẹ́ kí orúnkún lọ́ kọjá bó ṣe yẹ.

Kò gùn tó ìka ọwọ́. Bó bá já, ẹlòmíì á gbọ́ ọ, "pá!", bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ. Tí wíwú bá ti lọ sílẹ̀, ènìyàn á rìn, ó tilẹ̀ lè sáré tààrà. Ṣùgbọ́n kó dán an wò kó yà bìrí, orúnkún á yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó sì ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé lọ́pọ̀ ìgbà tó bá já, kò sẹ́ni tó fara kan ẹni náà rárá.

Ẹ to ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún wa.

Ẹ̀kíní, ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2009, nígbà tí Panthers ń bá New Orleans Saints gbá. Sáà yẹn parí fún un lọ́jọ́ náà, nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù tó dáa jù tí a tíì rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí di ìgbà yẹn.

Ẹ̀kejì, oṣù kẹfà ọdún 2010. Oṣù méje ti kọjá, ó ti padà sẹ́nu ìdánrawò, kò sí òǹwòran, kò sí máàkì. Ó tún já. Kò gbá géèmù kankan ní gbogbo sáà 2010.

Ẹ̀kẹta, ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, géèmù kejì nínú sáà tuntun, Green Bay Packers ni wọ́n ń bá gbá. Ẹ ṣírò rẹ̀: oṣù 22 lé díẹ̀ láti ẹ̀kíní dé ẹ̀kẹta, géèmù méjì péré ló sì rí gbá láàárín wọn, tí a bá ka èyí tó tún ti ṣèṣe mọ́ ọn. Bí ẹ bá bi mí, ẹ̀kejì ló burú jù. Ẹni tó ṣubú lójú ogun rí nǹkan fi pa ìtàn. Ẹni tó ṣubú níbi ìdánrawò ńkọ́?

Ṣé wọ́n máa ń rán iṣan náà pọ̀ ni?

Rárá o. Bó bá já pátápátá, bí okùn tó tú fọ́nfọ́n ló ń rí, rírán rẹ̀ kì í sábà dúró. Wọ́n á gé iṣan mìíràn láti ara ẹni náà fúnra rẹ̀, bóyá níwájú orúnkún tàbí lẹ́yìn itan, tàbí kí wọ́n lo ti ẹni tó ti kú tó fi ara rẹ̀ ta ìran ènìyàn lọ́rẹ. Wọ́n á lu eegun itan àti ojúgun ní ihò, wọ́n á fa iṣan tuntun náà gba inú rẹ̀, wọ́n á há a mọ́ ibẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Iṣan tí wọ́n gbìn kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ara gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà á, kó fọ́ ọ díẹ̀, kó tún un hun. Nítorí náà, ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, tí ìrora ti lọ, tí wíwú ti lọ, tí ẹni náà ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ara òun ti yá, ìgbà yẹn gan-an ni iṣan náà ṣe aláìlágbára jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń pariwo oṣù mẹ́sàn-án, ọdún kan.

Ẹni tó bá sì tún ibẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ihò àtijọ́ ti wà nínú eegun, àwọn iṣan tí à bá gé ti ń tán. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, ká má tíì sọ àpá orí àpá orí àpá.

Kí ló ń ṣe ní gbogbo oṣù tí kò gbá bọ́ọ̀lù?

Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́ fún. Mo lè sọ díẹ̀ nípa rẹ̀, torí pé orúnkún òsì tèmi náà já lẹ́ẹ̀kan, níbi bọ́ọ̀lù ọjọ́ Àìkú àwa àgbà ọ̀jẹ̀, lórí pápá oníyanrìn. Kò sẹ́ni tó fara kàn mí. Mo kàn fẹ́ yà ni.

Ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, físíò ká táwẹ́ẹ̀lì, ó tì í sábẹ́ orúnkún mi, ó ní kí n fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo wo itan mi. Mo pàṣẹ fún un. Kò mira. Mo tún pàṣẹ. Ẹran ara tí mo ti ń lò láti ọjọ́ tí mo ti mọ ìrìn ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó ta pọ́ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òógùn ti bò mí. Físíò ní, "Ó kù mọ́kàndínlógún."

Láti ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ na tán. Kó tẹ̀. Kí èèyàn fi igi tí wọ́n ń há sí abíyá sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí kò lọ síbì kan. Kó fi ẹsẹ̀ kan dìde lórí àga. Ọ̀pọ̀ oṣù kó tó sáré, ọ̀pọ̀ oṣù míì kó tó fò kó sì balẹ̀, kó tó wá kan kó yà. Itan ẹsẹ̀ náà á ti rù, á kéré sí ìkejì, ojú lásán á rí i. Davis bẹ̀rẹ̀ láti orí táwẹ́ẹ̀lì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà àkọ́kọ́, èèyàn kò mọ ohun tó wà níwájú. Ìgbà kẹta, ó ti mọ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì tún dùbúlẹ̀ fún un. Fún èmi o, ibẹ̀ ni mo ti bọ̀wọ̀ fún un, kì í ṣe orí pápá.

Ṣé wọ́n ń sanwó fún un nígbà yẹn?

Kíláàbù kò lè lé ẹni tó ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ wọn láìsan owó sáà náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó tó wà nínú àdéhùn NFL ló dájú bí ti bọ́ọ̀lù Yúróòpù. Tí sáà bá parí, tí dókítà bá ní ó ti lè gbá, wọ́n lè fún un níwèé pé ó dàbọ̀, kí ọ̀pọ̀ owó ọdún tó kù sì wọmi. Ẹni 53 péré ni àyè wà fún, ọ̀dọ́ tó yára, tí owó rẹ̀ kéré, sì ń bọ̀ lọ́dọọdún.

Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, Davis gbà kí wọ́n tún àdéhùn òun kọ kí ààyè òun lè wà ní 2012. Ẹ fi ìyẹn kún ìforítì rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ orúnkún, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ àpò.

Kí ló dé tí Panthers kò fi lé e?

Ènìyàn méjì ló máa ń pinnu irú ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tó ń ka owó àti akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ron Rivera ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, ọdún 2011 ni ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Linebacker ni òun náà nígbà èwe rẹ̀, ní Chicago Bears. Mo gbà pé ìyẹn ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ kan rí mọ ohun tó wà lórí alábàáṣiṣẹ́ tí kì í hàn nínú ìwé dókítà.

Àti pé, ká sọ òtítọ́, kíláàbù náà kò padà sọ́jà kó pàdánù. Àdéhùn tuntun kò wọ́n wọn. Bó bá gbá, èrè ni. Bí kò bá gbá, wọn ò jẹ gbèsè. Inú rere wà níbẹ̀, ìṣirò náà sì wà níbẹ̀.

Nígbà tó padà, ṣé ó ṣì jẹ́ ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀?

Ó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni kò ṣeé gbàgbọ́. Ó padà ní sáà 2012. Ní 2015, tí í ṣe sáà kọkànlá rẹ̀, ó gba bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí ẹgbẹ́ kejì jù mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n fi í sínú ẹgbẹ́ àwọn tó pegedé jù ní gbogbo NFL, wọ́n sì yàn án fún Pro Bowl, ìyẹn géèmù àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ní ẹni ọdún 32. Wọ́n tún yàn án fún ti 2016 àti 2017. Wọn ò yàn án rárá nígbà tí orúnkún rẹ̀ ṣì pé.

Ẹ má bá mi sọ pé ìpalára ló sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọjọ́ orí ni, àti pé ó rí Luke Kuechly, linebacker mìíràn tó dé ní 2012, gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí irú Kuechly bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdajì ìrònú rẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ó tún jọ pé ẹni tó ti lo ọdún méjì tó ń wo géèmù láti ẹ̀gbẹ́ pápá máa ń kọ́ láti tètè mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, kó má baà máa fi ẹsẹ̀ san gbèsè ojú.

Ọ̀rọ̀ apá tó ṣẹ́ yẹn ńkọ́? Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 2016, Panthers ń bá Arizona Cardinals gbá, ẹni tó bá borí ló ń lọ sí Super Bowl. Davis lọ gbé ẹnì kan ṣánlẹ̀, eegun apá ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́ láàárín ìgbúnwọ́ àti ọrùn ọwọ́. Panthers borí 49 sí 15, òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú apá tí wọ́n ti dì. Ó ti ń sọ lálẹ́ ọjọ́ náà pé òun máa gbá Super Bowl. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ lélẹ̀ lórí eegun náà, wọ́n fi ìṣó oníyíyí kàn án mọ́ ọn.

Super Bowl 50 jẹ́ ọjọ́ 7 oṣù kejì, ní Santa Clara, California. Ọjọ́ mẹ́rìnlá sí ìgbà tí apá náà ṣẹ́. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde láti orí kọ̀ǹpútà ṣe ike kan tó bá apá rẹ̀ mu rẹ́gí, ó wọ̀ ọ́, ó sì jáde. Kì í ṣe pé ó kàn wá fọwọ́ sí ìwé pé òun wá. Ó gbé ènìyàn méje lulẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn géèmù, ó gbé àwòrán apá náà síta. Mo ṣì rántí rẹ̀. Ojú abẹ gùn gbọọrọ ní ara apá, okùn tí wọ́n fi rán an ṣì wà níbẹ̀, awọ ara ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú, ó ń dán. Mo ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i. Mo gbé abọ́ sílẹ̀.

Ṣé wọ́n gba ife náà?

Wọn ò gbà á. Denver Broncos lù wọ́n 24 sí 10. Ní gbogbo sáà 16 tí Davis lò nínú NFL, kò gba Super Bowl.

Mo gbọ́ pé ó gba àmì ẹ̀yẹ Walter Payton. Ti kí ni?

Àmì ẹ̀yẹ ìwà ọmọlúàbí ni, tí NFL ń fún agbábọ́ọ̀lù tó bá ń ṣe dáadáa lórí pápá tó tún ń ran àwùjọ lọ́wọ́. Walter Payton jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbábọ́ọ̀lù Chicago Bears tó kú lọ́dún 1999. Davis gba ti sáà 2014. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Kelly, ló dá Defending Dreams Foundation sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé.

Ṣé kì í ṣe oògùn ló fi ń gbára? Wọ́n dá a dúró rí.

Wọ́n dá a dúró lóòótọ́. Ní 2018, NFL ní kó jókòó sílé fún géèmù mẹ́rin nítorí wọ́n rí ohun tí òfin kò fàyè gbà nínú àyẹ̀wò rẹ̀. Òun ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀ lò ó. Ìpadàbọ̀ rẹ̀ ti tó ọdún mẹ́fà nígbà yẹn, nítorí náà mi ò rí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi ìyẹn ṣàlàyé 2012. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé ìtàn rẹ̀, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2017 náà, wọ́n fi géèmù kan jẹ ẹ́ níyà torí pé ó forí sọ agbábọ́ọ̀lù Packers kan, Davante Adams, ní ọ̀nà tí òfin kọ̀. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni.

Ǹjẹ́ ọmọ Yorùbá wà nínú irú ìtàn báyìí?

Wọ́n wà. Ẹ wo àwọn Ojulari, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, orúkọ tí ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò nílò atúmọ̀ fún. Georgia ni wọ́n ti dàgbà, linebacker ẹ̀gbẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. Azeez ya ACL ní ọdún tó kẹ́yìn ilé ìwé girama rẹ̀, ní 2017, síbẹ̀ Yunifásítì Georgia gbà á, New York Giants sì mú un ní 2021. Ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ó gbé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù lulẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ni ìpalára kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú jẹ: ọrùn ẹsẹ̀, ẹran ẹsẹ̀, ìka ẹsẹ̀. Arizona Cardinals ló mú B.J., àbúrò rẹ̀, ní 2023. Òun ya ACL tirẹ̀ níbi ìdánrawò ọdún 2024, gbogbo sáà náà sì lọ.

Ṣáájú wọn ni Adewale Ogunleye, ọmọ Brooklyn, tí kì í ṣe linebacker ṣùgbọ́n tó wà ní ìlà iwájú. Orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ ní ọdún tó kẹ́yìn ní Yunifásítì Indiana, kò sì sí kíláàbù kankan tó mú un ní 2000. Ní 2003, pẹ̀lú Miami Dolphins, òun ló gbé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù lulẹ̀ jù ní gbogbo AFC, ìdajì kan nínú NFL, ìgbà 15. Brendon Ayanbadejo ńkọ́, linebacker gidi nìyẹn: ẹran itan rẹ̀ ya ní 2009 pẹ̀lú Baltimore Ravens, ó padà, ó sì gba Super Bowl ní 2013 ní ẹni ọdún 36.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, Victor Boniface tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́ ya iṣan orúnkún lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó wà ní Norway, kó tó bá Leverkusen gba líìgì Jámánì ní 2024.

Ẹ̀gbọ́n, àbúrò mi ya orúnkún níbi bọ́ọ̀lù. Ṣé kí n gbé e lọ bá àwọn tó ń to eegun?

Àbúrò mi, mi ò bá àwọn tó ń to eegun jà, iṣẹ́ baba wọn ni. Ṣùgbọ́n ACL kì í ṣe eegun. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ tò níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi òrí fa ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí kó yí i. Ẹ jẹ́ kí dókítà eegun wò ó, kí wọ́n ya àwòrán MRI bí owó bá wà, kí ẹ sì wá físíò. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá já fún ló nílò iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó jókòó nídìí tábìlì lè fi físíò nìkan gbé e, tó bá ti gbà pé bọ́ọ̀lù ọjọ́ Àìkú ti parí. Èyí tó burú jù ni kó dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó má rí wíwú mọ́, kó padà sórí pápá. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ìpalára kan á di mẹ́ta: iṣan, rọ́bà inú orúnkún, àti ojú eegun.

Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ ńkọ́? Ṣé ojo ni?

Ìbéèrè yìí ni mo ń dúró dè. Mo ti dárúkọ Luke Kuechly. Linebacker Panthers ni, òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó dáa jù ní NFL ní 2013. Ọpọlọ rẹ̀ ṣèṣe ní 2015, ní 2016, ní 2017. Ti 2016 ni gbogbo ayé rí: lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń bá Saints gbá, wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ kékeré kúrò lórí pápá, ó ń sunkún, kò lè dá a dúró. Ní oṣù kìíní 2020, ní ẹni ọdún 28, ó ní ó tó. Ó ṣì lè gbá bọ́ọ̀lù ju ọ̀pọ̀ tó kù lọ.

Ọkùnrin méjì, iṣẹ́ kan, yàrá ìmúra kan. Mi ò rí ojo nínú àwọn méjèèjì. Orúnkún ní ààyè, wọ́n lè gé iṣan mìíràn fi sí i. Wọn ò lè gé ọpọlọ mìíràn fi sí orí. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn láti sọ pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà kọ́kọ́ wò ó bóyá àáké ni ó ń fi gé e, tàbí ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ sọ òtítọ́: ṣé kì í ṣe agídí ni tirẹ̀?

Díẹ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ti apá yẹn, mi ò ní gba ọmọ mi nímọ̀ràn rẹ̀, Super Bowl ì báà jẹ́ mẹ́wàá. Bí irin yẹn bá yọ, apá tó máa fi gbé ọmọ rẹ̀ ló máa bàjẹ́. Ó yọrí sí rere fún un, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní akin. Ẹlòmíì wà tó ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò yọrí, a ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ti orúnkún yàtọ̀. Níbẹ̀, kò sáré. Ó ṣe iṣẹ́ abẹ, ó dúró, ó lo oṣù tó pé, ó gba owó tó dínkù, ó jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n wò ó kó tó fẹsẹ̀ kan pápá. Ó kúrò ní Panthers lẹ́yìn 2018, ó gbá 2019 pẹ̀lú Los Angeles Chargers, ó tẹ̀ lé Rivera lọ sí Washington ní 2020. Ní oṣù kẹta 2021, Panthers fún un ní àdéhùn ọjọ́ kan kó lè fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé. Sáà mẹ́sàn-án ló gbá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kẹta. Iṣan tí wọ́n gbìn síbẹ̀ ní 2011 kò já mọ́.